Àmì Ọrùn àti Àmì Ohùn

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì tí à ń kọ́ ní Aklampa, a kọ gbólóhùn kan sí ojú pátákó. Gbólóhùn náà kò le rárá: ó ní ọkùnrin kan gun orí òkè nítorí pé kò sí signal ní abúlé rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ irú òkè bẹ́ẹ̀. Ní agbègbè àwọn òkè Ìdáàṣà yìí, ọ̀dọ́ mélòó ni kò tíì gun àpáta rí kí ó tó lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní Cotonou tàbí ní Èkó sọ̀rọ̀ lórí fóònù? A ní kí wọ́n sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní Faransé. Wọ́n dáhùn pé réseau ni. A ní ó dára. Nígbà náà ni ọmọbìnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn na ọwọ́ sókè, ó ní: «Ẹ jọ̀wọ́, Monsieur, bàbá mi sọ pé nígbà tí àwọn wà ní ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ń gbé signal kọ́ àwọn lọ́rùn. Ṣé fóònù ti wà nígbà náà ni?»

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín. A sọ fún un pé ìbéèrè rẹ̀ dára, àti pé a ó dáhùn rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé a fẹ́ ráyè mí ni. Ìdáhùn tí a ṣèlérí fún un náà ni a kọ sílẹ̀ níhìn-ín fún àwọn òǹkàwé wa, nítorí ọ̀rọ̀ náà ju ti kíláàsì kan lọ.

Kí àwọn ọ̀dọ́ tí kò bá a nílẹ̀ lè mọ ohun tí à ń sọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Signal tí àwa bá ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ìkarahun ìgbín kan tí a fi okùn bọ̀. Ní ibòmíràn, egungun ẹran ni. Ní ibòmíràn, pákó pẹlẹbẹ ni. Òfin rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ọmọ tí a bá gbọ́ tí ó sọ èdè ilé rẹ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni a ó gbé e kọ́ lọ́rùn. Kò ní bọ́ lọ́rùn rẹ̀ títí òun náà yóò fi gbọ́ Yorùbá, tàbí Mahi, tàbí Fọ̀n, lẹ́nu ẹlòmíràn, kí ó lè gbé e fún un. Ẹni tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí a bá lu aago ìrọ̀lẹ́ ni yóò jẹ pàṣán, tàbí kí ó máa gbálẹ̀ kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tí ó burú jù níbẹ̀ kì í ṣe pàṣán. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti jẹ pàṣán tí ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ nílé, a sì ti gbàgbé. Ohun tí ó burú ni pé ó sọ wá di amí ara wa. A máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri láti dẹtí sí ọ̀rẹ́ wa. A máa ń mọ̀ọ́mọ̀ tẹ ẹlẹgbẹ́ wa lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí a mọ̀ pé ẹni tí ìrora bá dé bá lójijì kì í ké ní Faransé. «Yéè! Ìyá mi ò!» Bí ó bá ti ké bẹ́ẹ̀, ìgbín di tirẹ̀ nìyẹn.

Kò pẹ́ tí okùn náà fi gùn ju ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Ní ọjọ́rú kan, ọjọ́ ọjà Glazoué, nínú ìsinmi, ìyá wa rí wa láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, ó sì pè wá ní oríkì wa. Kò sí ìkarahun ìgbín kankan nítòsí. Síbẹ̀, a kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn, lẹ́yìn náà a dá a lóhùn ní Faransé. Ìyá wa kò gbọ́ Faransé. Ó wò wá fún ìgbà díẹ̀, ó ní, «Ta ni mo bí yìí?», ó sì yíjú padà sí iṣu tí ó ń tà. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. A ti mọ òwe náà láti kékeré, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni a tó mọ bí òkò ṣe ń rí lọ́wọ́ ẹni tí ó sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin wa bèèrè ni kí a padà sí. Níbo ni signal ti wá, tí ó fi lè jẹ́ ohun tí à ń wá lórí òkè àti ohun tí à ń sá fún ní ilé-ẹ̀kọ́?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn Faransé, àwọn Faransé sì rí i láti inú èdè Látìn, níbi tí signum ti túmọ̀ sí àmì. Àmì wo? Oríṣiríṣi. Ọ̀págun tí àwọn ọmọ ogun Róòmù ń tẹ̀lé lójú ìjà, signum ni. Ère tí a gbẹ́, signum ni. Ìràwọ̀ tí a pín sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ lójú ọ̀run kí a lè dá wọn mọ̀, signum náà ni. Àwọn onímọ̀ èdè kan ní gbòǹgbò rẹ̀ tí ó jìn jù lọ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí «gé», bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ sàmì sára igi. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí «tẹ̀lé» ni. Àwa tí a dàgbà láàárín àwọn olójú kíkọ kò rí ìjà kankan láàárín méjèèjì: ilà tí a gé sí ojú ni a fi ń tẹ̀lé ènìyàn dé ilé baba rẹ̀.

Signum bí ọmọ púpọ̀. Ní Faransé, ó bí signe, signature, consigne, dessin, insigne. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó bí sign, design, resign, àti seal tí a fi ń lu òǹtẹ̀. Ní èdè Potogí tí àwọn baba ńlá àwọn Àgùdà gbé wá sí Porto-Novo àti Ouidah, sino ni aago, ọmọ signum kan náà sì ni, nítorí aago jẹ́ àmì tí etí ń gbọ́.

Signal fúnra rẹ̀ kò dúró sójú kan. Àwọn àgbà tí ó gbé ní ẹ̀bá ọ̀nà ojú irin tí ó ti Cotonou lọ sí Parakou, tí ó gba Ìdáàṣà, Glazoué àti Ṣábẹ kọjá, mọ èyí tí ó ń sọ fún awakọ̀ ojú irin pé kí ó dúró tàbí kí ó máa bọ̀. Àwọn awakọ̀ Cotonou mọ ti iná pupa, tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀dọ́ mọ ti fóònù. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ kan wà tí ó yà wá lẹ́nu. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí ó ṣì wà nínú ìwé, a lè sọ pé ọba fún ènìyàn ní signal honour, ìyẹn ni pé ó dá a lọ́lá lọ́nà tí gbogbo ayé fi rí i. Faransé náà ní un signalé service, oore ńlá tí kò ṣeé gbàgbé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń tọ́ka sí ọlá, òun náà ni ó ń tọ́ka sí ìtìjú. Ohun kan ṣoṣo tí ó sọ ni pé: ẹ wo ẹni yìí. Ojú tí a ó fi wò ó kù sọ́wọ́ àwa tí à ń wò.

Ọmọ signum kan ṣẹ́kù tí ó mú wa pa ìwé atúmọ̀-èdè dé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Orúkọ rẹ̀ ni enseigner. Insignare ni àwọn ènìyàn ń pè é nínú Látìn ojoojúmọ́: kí a sàmì sí nǹkan, kí a nawọ́ sí i kí ẹlòmíràn lè rí i. Láti ibẹ̀ ni ó ti di kíkọ́ni. A yí sí Gẹ̀ẹ́sì, a bá irú rẹ̀ níbẹ̀. Teach, tí í ṣe kíkọ́ni, àti token, tí í ṣe àmì tí a ń fi lé ènìyàn lọ́wọ́, láti inú ìdí kan náà ni wọ́n ti jáde ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Nítorí náà, nínú èdè méjèèjì tí a fi ń jẹun, olùkọ́ni àti ìgbín ọrùn jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Ó yẹ kí a sọ ìdí tí èyí fi dùn wá tó bẹ́ẹ̀. Títí di ibí yìí, a ti sọ̀rọ̀ bí ẹni tí a gbé signal kọ́ lọ́rùn. Àwa náà ti gbé e kọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn.

Ní ọdún tí a kọ́kọ́ di olùkọ́, wọ́n rán wa lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí a kò ní dárúkọ. Ìwé ẹ̀rí wa ṣì ń rùn bí ìwé titun. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú wa; a bá ìgbín náà lórí tábìlì, a sì ń lò ó bí a ti ṣe bá àwọn tí ó ṣáájú wa tí wọ́n ń lò ó. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, à ń ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé ṣe ń yí padà bí être bá ṣáájú rẹ̀. A rí i lójú àwọn ọmọ pé kò yé wọn. Bí a ti kọ ẹ̀yìn sí wọn, a gbọ́ ohùn kékeré kan ní ìlà kejì. Ọmọkùnrin kan tí ó wà ní kíláàsì sixième ń sọ fún ẹni tí ó jókòó tì í pé: «Wò ó, bí ó bá jẹ́ obìnrin ni ó lọ, o ó fi e sí i. Bí ó bá jẹ́ obìnrin méjì ni wọ́n lọ, o ó fi s tẹ̀lé e.»

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ gbé gbólóhùn náà wò dáadáa. Ohun tí a ti fi odidi wákàtí kan sọ tí kò wọ̀ wọ́n létí ni ó fi gbólóhùn méjì sọ, ó sì yé ẹni tí ó ń sọ ọ́ fún. Òun ni olùkọ́ nínú kíláàsì náà lọ́jọ́ yẹn. A yíjú padà, a mú ìgbín, a gbé e kọ́ ọ lọ́rùn.

Kò sunkún. Ohun tí ó ṣe ni èyí tí a kò lè gbàgbé. Ní àkókò ìsinmi kékeré, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ Yorùbá yí i ká, bí ọmọdé ti máa ń ṣe bí wọ́n bá rò pé àgbà kò sí nítòsí. Ó gbọ́ wọn. A rí i láti ojú fèrèsé pé ó gbọ́ wọn. Kò gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ó wọ̀ ọ́ títí di ìrọ̀lẹ́, ó wá dúró níwájú wa, ó na ọwọ́ fún pàṣán. A nà án. Láti ọjọ́ náà títí ọdún ìwé fi parí, kò tún na ọwọ́ láti dáhùn ìbéèrè mọ́. Nígbà tí ọdún titun bẹ̀rẹ̀, àyè rẹ̀ ṣófo. Wọ́n ní ó ti bá àwọn ará abúlé rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ oko ní Nàìjíríà. A kò sọ pé ìgbín náà ni ó lé e lọ. Àìlówó ti lé ọ̀pọ̀ ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ láìsí ìgbín kankan. Ṣùgbọ́n a kò lè búra pé kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni a ti ṣe irú nǹkan yìí, kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní ilẹ̀ Faransé gan-an, àwọn ọmọ Bretagne wọ le symbole nítorí èdè Breton, àwọn ọmọ gúúsù sì wọ ohun tí wọ́n ń pè ní senhal nítorí èdè Occitan, orúkọ tí ó jọ ti wa bí ìbejì. Ní Wales, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, pákó kékeré kan tí a kọ lẹ́tà méjì sí ni wọ́n ń gbé kọ́ àwọn ọmọ tí ó sọ èdè Welsh lọ́rùn. Bernard Dadié ti Côte d'Ivoire sọ ti ilẹ̀ tirẹ̀ nínú ìwé Climbié, tí ó jáde ní 1956. Ngũgĩ wa Thiong'o sọ ti Kenya ní 1986, níbi tí ó jẹ́ pé nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń fìyà jẹ ọmọ tí ó bá sọ Gĩkũyũ. Ọmọ àgbẹ̀ kan ní Bretagne àti ọmọ àgbẹ̀ kan ní Aklampa kò mọ ara wọn, ṣùgbọ́n ọrùn wọn mọ okùn kan náà.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé àwọn baba ńlá wa náà so ìkarahun mọ́ okùn láti fi ṣe àmì. Àrokò ni wọ́n ń pè é. Owó ẹyọ méjì tí a so pọ̀ ní ojúkojú ń sọ pé ìfẹ́ wà láàárín wa. Bí a bá so wọ́n ní ẹ̀yìnkẹ́yìn, ìjà ti dé. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí ẹnìkan, mẹ́fà ni yóò so ránṣẹ́, nítorí ẹ̀fà ń fà. Bí inú ẹni tí ó gbà á bá dùn sí i, mẹ́jọ ni yóò dá padà, nítorí ọ̀rọ̀ wọn jọ. Okùn ni, ìkarahun ni, bí ti ilé-ẹ̀kọ́ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n èyí ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, ti ilé-ẹ̀kọ́ ń dí ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun.

Èdè wa ní àmì mìíràn tí kì í ṣe ti ọrùn: àmì ohùn. Yálà a fi ẹ àti ọ kọ Yorùbá bí àwọn ará Nàìjíríà, tàbí a fi ɛ àti ɔ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Benin láti 1975, ohùn ni ó ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ògiri ni amí. Ohun tí ó gbé kọ́ ọ lọ́rùn ni àmì. Ohùn nìkan ni ó wà láàárín wọn. Ẹ tún wo kọ. A ń kọ ìwé, a ń kọ orin, a ń kọ ilà, a sì ń kọ ebè kí iṣu tó wọlẹ̀. Gbé ohùn sókè, ó di kọ́: a ń kọ́ ọmọ, a ń kọ́ ilé. Rẹ ohùn sílẹ̀, ó di kọ̀: ohun tí ọmọkùnrin náà ṣe nígbà tí ó gbọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò sì gbé ìgbín fún un. Àwa kọ sí ojú pátákó ní ọjọ́ náà, ọmọ náà kọ́ ẹnìkejì rẹ̀, lẹ́yìn náà ó kọ̀.

A mọ ohun tí àwọn òbí kan yóò sọ. Wọ́n ti sọ ọ́ lójú wa: signal ni ó jẹ́ kí ẹ mọ Faransé tó báyìí, Faransé sì ni ó fún yín ní iṣẹ́. Òtítọ́ ni pé Faransé fún wa ní iṣẹ́. A kò kórìíra rẹ̀. Ìwé ìròyìn yìí fúnra rẹ̀ ń fi èdè méjì sọ̀rọ̀, a sì ń ka ojú ìwé méjèèjì pẹ̀lú ayọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbín ni ó kọ́ wa ní Faransé. Ìgbín kọ́ wa láti dákẹ́. Ọmọ tí ó ń sọ pé «bí ó bá jẹ́ obìnrin ni ó lọ» ń fi Yorùbá gbé Faransé ró, bí ìgbà tí a fi igi gbé ewé iṣu ró kí ó lè rí oòrùn. Ẹni tí ó bá fa igi náà tu, iṣu ni ó ń bá jà.

Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa ti 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, ní abala 11, fún gbogbo ẹ̀yà tí ó wà ní Benin ní òmìnira láti máa sọ èdè wọn kí wọ́n sì máa kọ ọ́. Lónìí, kò sí ìgbín lórí tábìlì wa. Síbẹ̀, bí a bá dé ilé, ìyá wa a pe àwọn ọmọ wa ní oríkì wọn, àwọn ọmọ wa a sì dá a lóhùn ní Faransé. Kò sí ẹni tí ó gbé nǹkan kọ́ wọn lọ́rùn. Lọ́dọ̀ àwa òbí ni wọ́n ti kọ́ ọ, láìjẹ́ pé a la ẹnu sọ ọ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tí a dá pé, a dáhùn ìbéèrè ọmọbìnrin náà níwájú gbogbo kíláàsì, a sì sọ ti ọmọkùnrin sixième náà fún wọn pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó gbẹ̀yìn nínú kíláàsì wa jẹ́ ti àwọn ọmọ: ẹni tí ẹ̀kọ́ bá yé yóò dìde, yóò sọ ọ́ fún àwọn yòókù ní Yorùbá tàbí ní Mahi, lẹ́yìn náà a ó jọ gbé e padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti gbọ́ àlàyé tí ó sàn ju tiwa lọ. Nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, a máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin náà wá bá wa. Ó ní òun ti sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá òun. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó dárúkọ ọmọ tí ó gbé ìgbín fún un ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, orúkọ náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ ti yín fún àwọn ọmọ yín, kí wọ́n má baà rò pé ìtìjú tí ń bẹ lára wa bá wa wá láti ọ̀run ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ìyá àgbà yín bá pè yín ní oríkì, ẹ má bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹni tí ó ń ṣọ́ yín. Odò tí ó bá gbàgbé ìsun rẹ̀, gbígbẹ ní í gbẹ. Kí tiwa má ṣe gbẹ o.